Ojú róbótó tó ṣàdédé pá lórí ọmọbìnrin: kí ló ń jẹ irun náà?

Láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ̀ẹ̀mẹrin ni wọ́n ti fi fọ́tò kan náà ráńṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp. Ẹ̀yìn orí ọmọbìnrin kan ni, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tú irun ẹ̀, ojú kan sì pá níbẹ̀ róbótó bí ìdérí ìgò mínírà, awọ ibẹ̀ ń dán, irun tó yí i ká sì kún dáadáa bí ẹni pé nǹkan kan ò ṣe é. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n kọ sábẹ́ ẹ̀ ló ń yàtọ̀. Àkọ́kọ́ ní gúlúù wíìgì ni. Ìkejì ní aáyán ló jẹ ẹ́ lóru. Ìkẹta ní àwọn ayé ló fá a lórí lójú oorun, kí gbogbo ìyá tó bá lọ́mọ ní họ́sítẹ́ẹ̀lì tètè gbàdúrà. Ìkẹrin ló bí mi nínú jù, òun ní àrùn tó ń ràn ni, kí àwọn stúdẹ́ǹtì tó ń gbé Tanke àti Òkè-Odò ní Ìlọrin yáa sá fún ẹnikẹ́ni tí wọ́n bá rí i lórí ẹ̀.

Ó bí mi nínú torí ó ti ṣẹlẹ̀ nílé wa rí. Màmá mi onídìrí ni ní Pákátà níbí ní Ìlọrin, ó ti ń dirun kí wọ́n tó bí mi, èmi sì ń ṣiṣẹ́ nọ́ọ̀sì. Nígbà tí Iléyá ku ọjọ́ mẹ́ta, àbúrò mi obìnrin wálé láti skúùlù kó wá dirun ọdún. Màmá ń fi ìyàrun onírù ya irun ẹ̀, ó ya ìlà kan, ó ya ìkejì, ó wá dákẹ́. Mo mọ̀ pé nǹkan ti ṣe torí màmá kì í dákẹ́ tó bá ń dirun. Ojú méjì ló pá, ọ̀kan lẹ́yìn etí, ọ̀kan ní ìpàkó. Àbúrò mi ò mọ̀ rárá, kò dùn ún, kò yún un. Ó bú sẹ́kún, ohun tó kọ́kọ́ jáde lẹ́nu ẹ̀ ni pé "ta ni mo ṣẹ̀?"

Kò ṣẹ ẹnì kankan. Ohun tó ṣe é gan-an ni mo fẹ́ tú palẹ̀ síbí.

Orúkọ tó ń jẹ́, àti ìdí tí orúkọ náà fi ń da orí rú

Àwọn dókítà ń pè é ní alopecia areata. Ẹ jẹ́ ká pín in sí méjì. Alopecia kàn túmọ̀ sí kí irun máa já tàbí kí orí pá ni, ohun yòówù kó fà á. Bí ìgbà tí èèyàn ní "inú ń run mí" ni, a ò tíì mọ̀ bóyá oúnjẹ tó jẹ ni kò bá a lára mu, àbí ọgbẹ́ inú ni, àbí nǹkan oṣù. Areata ló wá sọ irú tó jẹ́, ìyẹn èyí tó ń pá lójú kọ̀ọ̀kan, ọ̀kan níhìn-ín, ọ̀kan lọ́hùn-ún.

Ọ̀pọ̀ wa, March 27, 2022 la kọ́kọ́ gbọ́ alopecia, lọ́jọ́ tí Will Smith gbá Chris Rock létí lórí stéèjì Oscar nítorí àwàdà tí ìyẹn fi orí Jada Pinkett Smith tó jẹ́ ìyàwó ẹ̀ ṣe. Láti ìgbà yẹn ni àwọn èèyàn ti ń pe gbogbo irun tó bá já ní alopecia bí ẹni pé àìsàn kan ṣoṣo ni, ẹni tí wíìgì ti jẹ iwájú orí ẹ̀ á ní ohun tó ṣe ìyàwó Will Smith ló ń ṣe òun. Oríṣiríṣi ni wọ́n o, ìtọ́jú wọn ò sì pa pọ̀, ẹni tó bá lo oògùn ọ̀kan sí ìkejì lè ba nǹkan jẹ́, mo ń bọ̀ níbẹ̀.

Ní ti areata yìí, ojú kan sí mẹ́ta ló máa ń jẹ́ lára ọ̀pọ̀ èèyàn, kò sì ní ju bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn díẹ̀ wà tí gbogbo irun orí wọn á lọ tán, àwọn tó kéré sí wọn tún wà tí ìpéǹpéjú àti irun ara pàápàá ò ní ṣẹ́kù. Ayanna Pressley, obìnrin aláwọ̀ dúdú tó wà nílé aṣòfin Amẹ́ríkà, ṣí orí ẹ̀ sílẹ̀ fún gbogbo ayé ní January 2020, kò sí irun kan níbẹ̀, ó sì sọ pé alopecia ni.

Irun, báwo ló ṣe ń hù ná?

Ẹ ronú ebè iṣu, àwọn ará Ọ̀fà àti Òmù-Àrán á tètè mọ ohun tí mò ń sọ. Ìtàkùn ló hàn síta, iṣu wà nínú ebè. Irun tí à ń dì tí à ń kó, ìtàkùn ni. Ebè ẹ̀ wà lábẹ́ awọ orí, ihò kékeré tí gbòǹgbò irun jókòó sí. Orí èèyàn kan ní tó 100,000 irú ebè bẹ́ẹ̀. Ọ̀kọ̀ọ̀kan á hu irun fún ọdún 2 sí 6, á wá sinmi bí oṣù 3, irun yẹn á já, òmíì á hù dípò ẹ̀. Ìdí nìyẹn tí irun 50 sí 100 fi ń já lórí wa lójúmọ́ láì sí àìsàn kankan. Tó bá sì ń hù, bíi sẹ̀ǹtímítà kan ló ń ga lóṣù, kò lè yára jù bẹ́ẹ̀, ìpara yòówù kẹ́ ẹ fi pa á.

Ẹyọ kan ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ dì mú nínú ọ̀rọ̀ ebè yìí. Ìtàkùn lè gbẹ kí ebè wà síbẹ̀, á tún hù. Ṣùgbọ́n tí wọ́n bá tú ebè náà palẹ̀ tí wọ́n da kọnkéré lé e lórí, ó parí nìyẹn.

Ta ló wá lé irun kúrò níbẹ̀?

Gbogbo wa la ní sójà nínú ẹ̀jẹ̀, àwọn ló ń bá kòkòrò àìsàn jà lójoojúmọ́ tí a ò sì mọ̀. Ẹ fi wọ́n wé fijilanté àdúgbò. A gbà wọ́n kí wọ́n máa lé olè, wọ́n sì ń ṣe é dáadáa. Ó wá di òru ọjọ́ kan, wọ́n bá ọmọ onílé níwájú ilé bàbá ẹ̀, wọn ò dá a mọ̀, wọ́n ní olè ni, wọ́n yí i ká. Wọn ò burú, wọ́n ṣi èèyàn mú ni.

Bó ṣe rí lórí nìyẹn. Gbòǹgbò irun tó ń hù jẹ́ ibì kan tí sójà ara kì í yà sí, bí yàrá àwọn obìnrin nínú ilé ńlá, ẹ̀ṣọ́ ò gbọdọ̀ wọbẹ̀. Nígbà tí aṣọ ìkélé yẹn bá já, sójà á rí ohun tí wọn ò rí rí, wọ́n á ní àlejò nìyí, wọ́n á ṣù bo ìsàlẹ̀ gbòǹgbò. Tí dókítà bá gé bíńtín nínú awọ orí náà tó fi maikirosikópù wò ó, bí oyin tó ṣù ló máa ń rí, bí àwọn fúnra wọn ṣe ń júwe ẹ̀ nìyẹn. Gbòǹgbò tí wọ́n ká mọ́ báyìí á sáré lọ sinmi ṣáájú àsìkò ẹ̀, irun á já. Ṣùgbọ́n wọn ò pa á o. Ebè ṣì wà níbẹ̀.

Nǹkan kan wà nínú ẹ̀ tó máa ń yà mí lẹ́nu. Irun dúdú ni wọ́n máa ń dojú kọ jù, wọ́n sábà máa ń fi ewú sílẹ̀. Ẹni tó bá ti ní ewú díẹ̀ díẹ̀ tí èyí wá ṣe é kíákíá, dúdú á já, ewú nìkan á kù, àwọn èèyàn á wá máa sọ pé ìbànújẹ́ ló sọ orí ẹ̀ di funfun. Tó bá ń hù padà náà, funfun tẹ́ẹ́rẹ́ ló sábà máa ń kọ́kọ́ wá, dúdú á tẹ̀lé e.

Kí ló dé tó fi jẹ́ àwọn ọmọge, kí ló sì dé tó fi ń jẹ́ lójijì?

Ọkùnrin ń ní in, ọmọdé ń ní in, àgbà ń ní in. Nínú èèyàn 100, bíi 2 ló máa ní in nígbà kan láyé wọn, kì í ṣe nǹkan àjèjì rárá. Ó kàn jẹ́ pé kí èèyàn tó pé ọmọ 40 ọdún ló sábà máa ń bẹ̀rẹ̀, ọ̀pọ̀ wọn ò tíì tó 30, ó wá bọ́ sí ìgbà skúùlù, ìgbà àgùnbánirọ̀, ìgbà ìgbéyàwó. Ọkùnrin á lọ fá gbogbo orí ẹ̀ lọ́dọ̀ báábà, ó tán, kò sẹ́ni tó máa bi í. Obìnrin ò lè ṣe bẹ́ẹ̀.

Nígbà mìíì ó máa ń wà nínú ẹbí, ẹ̀gbọ́n bàbá yín kan lè ti ní in rí kó má sọ. Àwọn tó ní ásímà tàbí awọ tó máa ń yún láti kékeré, àwọn tí awọ ara wọn ń funfun lójú kọ̀ọ̀kan, àti àwọn tí tírọ́ìdì ń dà láàmú, ìyẹn nǹkan kékeré tó wà lọ́rùn tó jẹ́ pé tó bá wú la ń pè ní gẹ̀gẹ̀, àwọn náà sún mọ́ ọn ju àwọn yòókù lọ, torí sójà kan náà ló ń ṣi èèyàn mú níbi púpọ̀. Ìdààmú ọkàn lè dá sí i lára ẹlòmíì. Ṣùgbọ́n ẹ má sọ fún ọmọbìnrin tó ń sunkún pé ìrònú ẹ̀ ló fà á, ẹ̀ ń fi ẹrù kún ẹrù.

Ọ̀rọ̀ "lójijì" yẹn, màmá ló là mí lójú sí i. Ó ní "ìgbà wo ló dirun tó tú yìí?" Ó ti pé ọ̀sẹ̀ márùn-ún. Nínú ọ̀sẹ̀ márùn-ún yẹn irun ti ń já díẹ̀díẹ̀ lójú ibẹ̀, ṣùgbọ́n àtáṣímẹ́ǹtì ló so ó mọ́ àwọn yòókù, kò ráyè bọ́ sílẹ̀, ọjọ́ tí wọ́n tú irun ni gbogbo ẹ̀ bá àtáṣímẹ́ǹtì lọ lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹni tó ni orí á rò pé òru àná ló ṣẹlẹ̀. Mo rò pé ibí yìí gan-an ni ìtàn "wọ́n fá a lójú oorun" ti ń rówó ná.

Fi ìka kàn án: àwọn nǹkan tó jọ ọ́ tí kì í ṣe òun

Màmá mi ò kàwé ìṣègùn, ṣùgbọ́n tó bá rí ojú tó pá, kó tó la ẹnu, á kọ́kọ́ gbé orí oníbàárà sí ìmọ́lẹ̀, á fi ìka ra ibẹ̀. Ohun tí dókítà awọ náà máa ń kọ́kọ́ ṣe nìyẹn, gíláàsì tó ń sọ nǹkan di ńlá ni wọ́n fi jù ú lọ.

Areata, ojú ẹ̀ máa ń jọ̀lọ̀ ni, ó rọ̀ bí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọmọdé, kò hó, kò ní egbò. Tẹ́ ẹ bá wo etí ibi tó pá dáadáa, ẹ lè rí irun kúkúrú kan tí ìsàlẹ̀ ẹ̀ tín-ín-rín tí orí ẹ̀ sì tóbi ju ìdí lọ, bí igi ìṣáná tí wọ́n gún mọ́lẹ̀. Tẹ́ ẹ bá ti rí igi ìṣáná yẹn, ẹ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ mọ ohun tó jẹ́. Ẹ wo èékánná ọwọ́ náà, lára àwọn kan á ní ihò wẹ́wẹ́ bí ẹni fi abẹ́rẹ́ gún un tò tò tò.

Làpálàpá orí lèkejì. Ọmọ kékeré ló ń ṣe jù, àwọn ọmọ ilé kéwú àti ọmọ praímárì, àmọ́ àgbà náà lè kó o. Tiẹ̀ máa ń hó funfun funfun, ó máa ń yún, irun á ṣẹ́ sí ìdí á dà bí ẹni tọ́ tíróò dúdú sí awọ orí. Ó lè wú kó sì máa ṣọyún pàápàá. Kòkòrò ló fà á, ó sì ń ràn lóòótọ́, nínú ìyàrun, kílípà, fìlà, ìborí. Ìpara nìkan ò lè wo ó torí kòkòrò náà ti wọnú ìdí irun lọ níbi tí ìpara ò lè dé, oògùn mímu ni, griseofulvin tàbí terbinafine, fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀. Ibí ni wọ́n ti ṣì wá lọ́nà. Kẹ́mísìtì kan ládùúgbò wo orí àbúrò mi láti ibi tó dúró sí, kò fọwọ́ kàn án, ó ní làpálàpá ni, ó ta ìpara fún wa, ọ̀sẹ̀ mẹ́fà la fi pa á lásán. Bó bá sì jẹ́ òdìkejì ẹ̀, kí wọ́n fún onílàpálàpá ní ìpara sítẹ́rọ́ìdì, ìyẹn oògùn tó ń rẹ sójà ara sílẹ̀, ṣe ni kòkòrò yẹn á gbilẹ̀ sí i.

Ẹ̀kẹta ni èyí tí àwa fúnra wa ń ṣe. Irun tí wọ́n fà le jù, dídì wẹ́wẹ́ tó ń fa ojú èèyàn sókè, wifọ́ọ̀nù, gúlúù wíìgì, irun tí wọ́n fà sẹ́yìn so pinpin lábẹ́ hijab lójoojúmọ́. Iwájú orí àti ẹ̀gbẹ́ etí ló ti máa ń bẹ̀rẹ̀, kì í jẹ́ róbótó, ṣe ló máa ń sún sẹ́yìn bí omi òkun tó ń fà. Tẹ́ ẹ bá tètè dáwọ́ dúró, á hù. Tẹ́ ẹ bá ní "ẹwà ò fẹ́ ìrora" fún ọdún mẹ́wàá, kọnkéré ti dà lé ebè. Onídìrí tó bá dirun fún un yín tẹ́ ẹ wá ń mu Panadol kẹ́ ẹ tó lè sùn, irun yẹn ti le jù, ẹ padà lọ kó tú u, ẹ má wo ti owó.

Ẹ̀kẹrin ló ń bà mí lẹ́rù jù, torí àwa obìnrin dúdú ló ń ṣe jù, a kì í sì í tètè fura. CCCA ni wọ́n ń pè é. Àárín òkè orí gan-an ló ti ń bẹ̀rẹ̀, á máa fẹ̀ lọ yíká díẹ̀díẹ̀, ó sábà máa ń jẹ́ láti nǹkan bí 30 ọdún lọ sókè. Ó lè máa ta bí ata, ó lè máa yún, ó lè máa dùn tí wọ́n bá fọwọ́ kàn án, ó sì lè má ṣe gbogbo ìyẹn. Awọ ibẹ̀ máa ń dán lọ́nà mìíì, tẹ́ ẹ bá wò ó dáadáa ẹ ò ní rí ojú ihò irun mọ́, ó ti di àpá. Gbogbo ẹ̀ bí ẹ ṣe ń wò ó yìí, irun tó ti lọ níbẹ̀ kì í sábà padà, èyí tó kù ni wọ́n ń fi oògùn dì mú. Ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n fi dá rìláásà àti ìyàrun gbígbóná lẹ́bi, àfi ìgbà tí àwọn onímọ̀ gbé e jáde ní 2019 pé àwọn kan nínú àwọn obìnrin yìí bí àbùkù kan mọ́ ara ni, nínú nǹkan tí ara fi ń kọ́ irun. Nítorí náà tí ìyá yín bá ní irú ẹ̀ lórí, ẹ máa ṣọ́ àárín orí tiyín.

Àwọn yòókù, kíákíá. Ìyá ọmọ tí irun ẹ̀ ń já wìtìwìtì ní oṣù 2 sí 4 lẹ́yìn ìbímọ, tàbí ẹni tí tífọ́ọ̀dì dá dùbúlẹ̀, gbogbo orí ni tiwọn á fẹ́lẹ́, kì í pá lójú kan, á sì padà fúnra ẹ̀. Àwọn kan wà tó ń fi ọwọ́ ara wọn tu irun wọn láìmọ̀, pàápàá tí ọkàn wọn ò bá balẹ̀. Àrùn kan tí wọ́n ń kó nípa ìbálòpọ̀ náà wà tó ń jẹ irun jágbajàgba bí ìgbà tí kòkòrò jẹ aṣọ, àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ló ń fi í hàn, oògùn ẹ̀ sì wà.

Ṣé ó ń ràn?

Rárá. Areata kì í ràn, kì í ti ara ìyàrun, kì í ti ara hijab, kì í ti ara bẹ́ẹ̀dì. Kò sí kòkòrò nínú ẹ̀. Ẹ bá a jókòó, ẹ bá a jẹun, ẹ bá a sùn nínú yàrá kan náà.

Ṣé á hù padà?

Lára ẹni tó ní ojú kan tàbí méjì, ó ju ìdajì wọn lọ tí irun wọn máa padà láàárín ọdún kan, kódà láì lo nǹkan kan. Ìròyìn ayọ̀ nìyẹn. Èyí tí kì í dùn ún gbọ́ ni pé ó lè tún padà wá lẹ́yìn oṣù, lẹ́yìn ọdún, ní ojú ibòmíì. Ó máa ń le díẹ̀ tó bá jẹ́ láti kékeré ló ti bẹ̀rẹ̀, tó bá ti lọ púpọ̀ lórí, tí èékánná bá ti ní ọwọ́ nínú ẹ̀, tàbí tó bá yí ìsàlẹ̀ ìpàkó ká dé ẹ̀yìn etí bí ìgbànú.

Ìdí tí mo fi ń sọ pé ìdajì ń hù fúnra ẹ̀ ni pé òun ló ń mú kí gbogbo àgbo àti gbogbo òróró tí wọ́n ń tà lórí fóònù dà bí ẹni pé ó ṣiṣẹ́. Irun tó ti fẹ́ hù tẹ́lẹ̀, ẹni tó bá ta òróró lọ́sẹ̀ yẹn ló máa gba ìyìn.

Kí ni wọ́n ń ṣe sí i lọ́sípítù?

Dókítà awọ lẹ̀ ń wá, dermatologist. Ẹni tó bá wà ní Ìlọrin lè bẹ̀rẹ̀ láti Jẹ́nẹ́rà, kí wọ́n kọ lẹ́tà fún un lọ sí UITH, ọsibítù ńlá Yunifásítì Ìlọrin, ní Òkè-Òsé. Wọ́n á wo orí, wọ́n á wo èékánná, wọ́n lè gba ẹ̀jẹ̀ láti fi wo tírọ́ìdì àti bóyá ẹ̀jẹ̀ tó. Ẹ tú irun kẹ́ ẹ tó lọ o, ẹ má jẹ́ kí dókítà máa fi ọwọ́ wá ojú ibẹ̀ nínú dídì.

Tó bá jẹ́ ojú díẹ̀ lára àgbà, abẹ́rẹ́ ni wọ́n sábà máa ń lò. Abẹ́rẹ́ tín-ín-rín ni, wọ́n á fi sítẹ́rọ́ìdì díẹ̀ díẹ̀ sínú awọ ibẹ̀, wọ́n á tún un ṣe lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 4 sí 6. Ó ń ta díẹ̀. Iṣẹ́ tó ń ṣe ni pé á ní kí àwọn fijilanté yẹn tú ká, kí ọmọ onílé ráyè wọlé. Kò lè ní kí wọ́n má padà wá o, ìyẹn ló fi jẹ́ pé à ń pè é ní ìtọ́jú, a ò pè é ní àwòparí.

Ìpara sítẹ́rọ́ìdì tó lágbára náà wà fún ẹni tí kò bá fẹ́ abẹ́rẹ́ àti fún ọmọdé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má lọ rà á fúnra yín. Ẹbí kan náà ni pẹ̀lú túùbù tí wọ́n ń po mọ́ ìpara ìbóra lọ́jà, tí wọ́n bá lò ó bó ṣe wù wọ́n, á jẹ awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Minoxidil tí gbogbo èèyàn ń pariwo lè ran irun lọ́wọ́ kó hù, àmọ́ kì í lé fijilanté lọ.

Fún àwọn tó ti lọ púpọ̀ lórí wọn, oògùn mímu tuntun ti dé. Ní June 2022 ni Amẹ́ríkà fọwọ́ sí baricitinib fún àgbà tí tiẹ̀ le, June 2023 ni wọ́n fọwọ́ sí ritlecitinib fún ẹni tó ti pé ọmọ ọdún 12. Baricitinib yẹn ni oògùn mímu àkọ́kọ́ tí wọ́n fọwọ́ sí fún àìsàn yìí gan-an ní Amẹ́ríkà, àwọn oògùn mímu tó wà ṣáájú, ara àìsàn mìíì ni wọ́n ti ń yá wọn lò. Àwọn méjèèjì wọ́n gan-an, wọ́n sì ń dín agbára sójà ara kù, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi gbọ́dọ̀ yẹ èèyàn wò fún ikọ́ ẹ̀gbẹ kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ ẹ̀. Tí wọ́n bá dá a dúró, irun lè tún já.

Ẹ má jókòó sílé tí ibẹ̀ bá ń dùn tàbí tó ń ta, tó bá ń ṣọyún, tí ẹ ò bá rí ojú ihò irun mọ́, tó bá ń tàn kálẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀, tàbí tí irun ìpéǹpéjú bá ti ń lọ.

Áyù, gbẹ́rẹ́, àti ọ̀rọ̀ àwọn ayé

Mo mọ ìdí tó fi ń dẹ́rù bà wá. Orí ni, kì í ṣe ẹsẹ̀. Níbi tí a ti wá, wọn kì í ṣàdédé fá orí èèyàn. Wọ́n ń fá irun ọmọ tuntun lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ, láwọn ìlú kan wọ́n ń fá ti opó, fífá máa ń ní ìtumọ̀, ó sì máa ń ní ẹni tó fá a. Tí ibì kan bá wá pá tí ẹnikẹ́ni ò mú abẹ, ọkàn á wá ọwọ́ tó mú abẹ náà. Mo bá àbúrò mi ro ìyẹn, mi ò bú u.

Àdúrà, ẹ máa gbà á, àwa náà gbà á, áàfáà wa gbàdúrà sí omi, ó mu ún, kò sí wàhálà kankan níbẹ̀. Ohun tí mò ń bẹ̀bẹ̀ sí ni ohun tí wọ́n ń fi kan awọ. Áyù tútù tí wọ́n gún lé awọ orí lè jó o bí iná, mo ti rí i, ó ṣe bólébólé, ó di àpá. Àpá yẹn ni kọnkéré tí mò ń wí. Èèyàn tí irun ẹ̀ ì bá hù padà láàárín oṣù díẹ̀ á fi ọwọ́ ara ẹ̀ dí ebè pa. Gbẹ́rẹ́ náà, abẹ tí wọ́n fi sín ti ẹni kan tí wọ́n tún fi sín tìrẹ lè kó àrùn ẹ̀dọ̀ àti HIV wọ ara ẹni tí irun nìkan ń dà láàmú. Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́.

Ṣé mo lè dirun ní àsìkò yìí?

Ìbéèrè tí wọ́n máa ń bi màmá jù nìyí, mo sì fẹ́ràn èsì ẹ̀. Ẹ lè dì í, ṣùgbọ́n kó rọ̀, láì sí àtáṣímẹ́ǹtì tó wúwo, kó má pẹ́ lórí ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ kẹ́ ẹ lè máa rí ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lábẹ́ ẹ̀. Wíìgì dáa tí kò bá ní gúlúù, kẹ́ ẹ sì bọ́ ọ kẹ́ ẹ tó sùn. Ìlà ni màmá ń fi ọgbọ́n ṣe, á ya á gba ẹ̀gbẹ́ ibi tó pá, á wá da irun òkè bò ó, ẹni tó dúró tì í ò ní mọ̀.

Lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ méjì, mo máa ń ya fọ́tò ojú méjèèjì, máa fi ìdérí ìgò mínírà kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ ká lè mọ̀ bóyá ó ń fẹ̀ àbí ó ń sún kì. Ìdérí kan náà la lò jálẹ̀, inú àpótí ìyàrun màmá ló ń gbé. Fún fọ́tò mẹ́rin, kò sí nǹkan kan. Lẹ́yìn abẹ́rẹ́ kejì, màmá tú irun ẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan ní ìta, ó pè mí jáde, ó ní kí n mú tọ́ọ̀ṣì wá. Irun funfun wẹ́wẹ́ ti yọ lẹ́yìn etí, ó rọ̀ bí òwú, tẹ́ ẹ ò bá gbé e sí ìmọ́lẹ̀ ẹ ò lè rí i. Mo fẹ́ pariwo, màmá fi ìka lu ẹnu, ó ní kí n jẹ́ kí òun kọ́kọ́ fi ọwọ́ ra á wò dáadáa.